Òǹkọ̀wé Òkè-Igbó Di Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fíìmù Tí À Ń Múra Rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti ka ìran mẹ́ta nínú eré yìí sétí àwọn ènìyàn díẹ̀ ní Àkúrẹ́, fóònù mi kò sinmi mọ́. Inú àwọn kan dùn, àwọn kan fajú ro, ọ̀pọ̀ ló sì ń béèrè ohun kan náà lọ́nà oríṣiríṣi. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Èmi tí mo ń kọ eré náà ni mo dáhùn wọn.

Kí ni ìtàn inú fíìmù náà?

Oṣù Kejìlá 1956 ni. Ìgbà kòkó ni, ọyẹ́ ti mú. D. O. Fágúnwà, tí àwọn ọmọ iléèwé ń ka ìwé rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ti Ìbàdàn wá sílé ṣọdún Kérésì ní Òkè-Igbó. Ó bá ìlú nínú hílàhílo. Kòkó tí wọ́n kó lọ sí Èkó kò pé ìwọ̀n. Wọ́n ti akọ̀wé ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí mọ́lé. Ọkùnrin tó wọn kòkó náà ti di àwátì láti ọjọ́ mẹ́rin.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ìyá akọ̀wé náà wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó mú ìwé kan jáde láti ìdí ìró rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ mi." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó gba ìwé náà, ó fà á súnmọ́ iná àtùpà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé àárín, ó dákẹ́. Ó tún ibẹ̀ kà. Ó wá ní, "Màmá, ìwé yìí kò sọ pé wọ́n jí kòkó. Ó ní kòkó dín ni."

Láti ibẹ̀ ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé Fágúnwà ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí ni?

Rárá o. Kò ṣe é rí. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó wo fíìmù náà rárá, a ó sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ rèé. Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903. Oròwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ di onígbàgbọ́ ló di Daniel Ọlọ́runfẹ́mi. Ó kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe tíṣà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ní 1956 tí a fi ìtàn wa sí, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwé títẹ̀ ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló wà. Gbogbo ìyẹn wà nínú eré bó ṣe rí.

Kòkó tó dín, akọ̀wé tí wọ́n tì mọ́lé, awọnkòkó tó sọnù, inú orí mi ni wọ́n ti jáde. Kérésì yẹn gan-an, èmi ni mo mú un wálé fún un. N kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni tó gbé Òkè-Igbó rí pe ẹ̀dá kankan nínú ìtàn náà. N kò sì mú ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ sínú eré. Òun nìkan ni mo yá, mo sì mọ̀ pé ohun àyálò kì í ṣe tẹni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òǹkọ̀wé? Ṣé kò sí ọlọ́pàá ní 1956 ni?

Ọlọ́pàá wà. Ọlọ́pàá ìjọba wà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ náà wà, oríṣi méjèèjì wà nínú eré. Ẹni tí wọ́n máa mú ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ti mú un. Ẹni tí ìtàn yìí ń fẹ́ ni ẹni tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn kó má bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló lò?

Ẹ wo iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ń ṣe lójoojúmọ́. Bó bá fẹ́ kí ọdẹ sọ̀rọ̀ nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ ti jókòó ti ọdẹ. Bó bá fẹ́ kí òpùrọ́ purọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ bí irọ́ ṣe ń rìn: òpùrọ́ a máa dáhùn ohun tí a kò bi í, a sì máa sáré kọjá ibi tí a fẹ́ gbọ́. Ẹ wá fi iṣẹ́ tíṣà kún un. Ẹni tó ti dúró níwájú kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń gbọ́ àwáwí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àwáwí àgbàlagbà kò ní ṣàjèjì sí i.

Ohun tó wà ní ọkàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n fi ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá tí kò mọ̀ ọ́n kà. Fágúnwà inú fíìmù wa kò gbé ìbọn, kò lé ẹnikẹ́ni lórí òrùlé. Ó ń kàwé. Ó ń fetí sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn nínú ìlú ti rí ìwé ẹ̀sùn yẹn, wọ́n ti kà á, wọ́n sì ti gbọ́ "jí" níbi tí wọ́n kọ "dín" sí, nítorí pé olè ni wọ́n ti ní lọ́kàn kí wọ́n tó kà á. Òun nìkan ló ka ohun tó wà níbẹ̀.

Mo ti rí irú rẹ̀ ní ojúlé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá àgbà ní àdúgbò. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan nítorí pé ó le, wọ́n máa ń mọ̀. Wọ́n á ní, "Padà sẹ́yìn, o ti fo nǹkan." Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí ọmọ wọn ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó lẹ ti rí i kọ́?

Òyìnbó ti ṣe irú rẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ní 1982, Wim Wenders, ọmọ Jámánì, ṣe fíìmù kan ní Amẹ́ríkà nípa Dashiell Hammett, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn. Ó fi ìtàn náà sí San Francisco ní 1928, ó mú òǹkọ̀wé náà dìde nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó dá a padà sẹ́nu ìwádìí. Iṣẹ́ tiwọn rọrùn ju tiwa lọ lọ́nà kan, nítorí Hammett ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lóòótọ́ ní iléeṣẹ́ Pinkerton kó tó di òǹkọ̀wé. Ó le lọ́nà mìíràn: wọ́n ya fíìmù náà, wọ́n sì tún padà lọ ya púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Agatha Christie, òun náà òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn, fi ilé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1926, wọ́n wá a fún ọjọ́ 11 kí wọ́n tó rí i ní hòtẹ́ẹ̀lì. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan ní 2018 wá fi ìwádìí ìpànìyàn dí àlàfo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe àlejò lédè wa. Ẹni tó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 mọ Làpàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti ka Kọ́lá Akínlàdé ti bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rìn ní ilẹ̀ Yorùbá láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Àwa ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń wá ọ̀daràn nínú ìwé tipẹ́. Èyí tó kù ni kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dìde lórí àga, kó jáde síta.

Kòkó ṣe wá di ọ̀rọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?

Nítorí pé òun ni owó. Ní ọ̀nà Òkè-Igbó, Ilé-Olújìí, Oǹdó, Ìdànrè, títí dé Àkúrẹ́, kòkó ni wọ́n fi ń kọ́lé alájà, òun ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó. Owó rẹ̀ wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Ní ìlú tí gbogbo ilé ti ní kòkó nílẹ̀, bí o bá sọ pé kòkó dín, ilé gbogbo lo kàn.

Mo rò pé mo mọ kòkó kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. N kò mọ nǹkan kan. Mo lọ sí oko kan lọ́nà Ọ̀wẹnà, mo jókòó ti bàbá olóko láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti la kòkó, tí wọ́n yọ ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú omi ara rẹ̀, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó gbóná kó sì kan. Bàbá ní kí n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Mo kì í bọ̀ ọ́, mo sì yára fà á jáde, nítorí ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn.

Bàbá mú ọmọ kòkó méjì wá, ó gbé ọ̀bẹ, ó là wọ́n sí méjì lóòró. Inú ọ̀kan pọ́n bíi ilẹ̀ amọ̀, ó sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Inú èkejì dán, ó dúdú bíi síléètì tí a fi ń kọ̀wé níjọ́sí, kò sán rárá. Ó ní, "Èyí kan. Èyí kò kan, wọ́n kánjú ni." Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbọ̀n ọ́n létí mi, ó ró woroworo. Ó bu òmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá lánàá, ó gbọ̀n ọ́n, kò dún. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Èyí tí kò dún yìí ló wúwo jù. Omi wà nínú rẹ̀. Bí o bá wọ̀n ọ́n lónìí, wọ́n á sanwó omi fún ọ."

Mo wakọ̀ padà sí Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ya ìdajì ohun tí mo ti kọ dànù. Títí di ìgbà náà, ilé kan ló ń jóná nínú ìtàn mi, àwọn ènìyàn ń sá kiri nínú òkùnkùn. Kò sí iná mọ́. Ó ku ọkùnrin kan tó dúró nínú ilé kòkó pẹ̀lú ọ̀bẹ ìyáwọ́, tó ń la ọmọ kòkó níkọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n sórí tábìlì. Àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan nígbà náà. Bí wọ́n bá wọn kòkó tútù bí ẹni pé ó ti gbẹ, tí ó sì gbẹ kó tó dé Èkó, yóò dín, láìsí pé ẹnikẹ́ni jí ọmọ kan ṣoṣo. Ta ló wá mọ̀ pé ó tútù nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n? Ta ló gba owó omi? Ibi tí mo máa sọ ọ́ dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé lẹ́tà kan wà. Ẹ sọ díẹ̀ fún wa níbẹ̀.

Ó wà. Mo lè sọ ọ́ nítorí kò tú àṣírí ìtàn náà.

Lẹ́tà tí kò ní orúkọ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó kọ ọ́ ní oníṣòwò láti Ọ̀yọ́ lòun, òun kàn ń kọjá lọ ni, òun sì rí akọ̀wé náà tó ń kó àpò kòkó jáde lóru. Yorùbá rẹ̀ dán, bíi ti inú ìwé. Ṣùgbọ́n lórí ìlà kẹsàn-án, yíǹkì rẹ̀ dà díẹ̀. Ó ti kọ "ulé", ó fa igi sí u náà, ó kọ i lé e lórí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ kì í pe ilé ní ulé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti Oǹdó, Àkúrẹ́ tàbí Èkìtì wá ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí ẹ mọ̀ pé ó máa ń bọ́ lẹ́nu nígbà tí ènìyàn bá ń kánjú tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ọwọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kì í ṣe àlejò. Àmọ́ mélòó ni àwa tí à ń sọ ulé? Ẹ̀rí yẹn sọ ẹni tí kì í ṣe, kò tíì sọ ẹni tó jẹ́. Ọlọ́pàá kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àṣìkọ lọ. Lójú tèmi, àṣìkọ ló máa ń sọ òótọ́ jù nínú ìwé.

Ṣé iwin àti ẹbọra máa wà níbẹ̀? Fágúnwà láìsí iwin, ṣé Fágúnwà ni?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé inú igbó irúnmalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti pàdé rẹ̀.

Ẹ kò ní rí iwin nínú fíìmù yìí. Ẹ ó gbọ́ nípa wọn, nítorí àwọn ará ìlú gbà pé ohun kan ló gbé awọnkòkó lọ. Àwọn kan tilẹ̀ wá bá òǹkọ̀wé náà, wọ́n ní ìwọ tí o mọ̀ wọ́n, bá wa bẹ̀ wọ́n. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti rí ọkùnrin náà kẹ́yìn, aago mélòó, aṣọ wo ló wọ̀, kí ló gbé lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni iwin náà ń di ènìyàn lójú wa, ó ń wọ bàtà, ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ. Ìran yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo eré náà.

Ìdí mìíràn wà tí n kò fi mú iwin wọlé. Tirẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Ṣé ẹ máa sọ bó ṣe kú?

Rárá.

Ní oṣù Kejìlá 1963 ni odò gbé e lọ lẹ́bàá Bídà. Ìlú ti sọ oríṣiríṣi ìtàn nípa ikú yẹn, ẹ ti gbọ́ wọn, èmi náà ti gbọ́ wọn láti kékeré. Ẹnìkan sọ fún mi pé ibẹ̀ gan-an ni owó wà, pé kí n sọ ikú náà di ohun ìwádìí, gbogbo ayé á wò ó. N kò ní ṣe é. Ọkùnrin kan jáde nílé fún ìrìn àjò, kò padà wálé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì sunkún. Èmi kò ní dá apànìyàn sílẹ̀ nínú ẹkún onílé.

Nítorí èyí náà ni mo ṣe fi ìtàn sí 1956. Ó ṣì ní ọdún méje láti gbé. Adìtú Olódùmarè kò tíì jáde, 1961 ni yóò jáde. MBE, oyè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un ní 1959, kò tíì dé. Mo fẹ́ kí ẹ rí i nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ṣé ẹ ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀?

A ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn ẹbí ní Òkè-Igbó, pẹ̀lú ìwé eré náà lódindi lọ́wọ́, kí a tó gbé kámẹ́rà síta. Ìran tí wọ́n bá ní kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, a ó jọ jókòó sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ọkùnrin inú fíìmù náà yóò di tíṣà òǹkọ̀wé kan tí kò ní orúkọ Fágúnwà, a ó sì gbé ìlú náà kúrò ní Òkè-Igbó. Yóò dùn mí, ṣùgbọ́n ìtàn náà yóò dúró.

Ní ti ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin ni. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, dáàbò bo ìwé títí di ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Ìyẹn ni pé títí di òpin 2033, ẹnikẹ́ni kò lè ki ọwọ́ bọ ìwé Fágúnwà kó fa ojú-ìwé yọ láìgba àṣẹ. Kò sí gbólóhùn rẹ̀ kankan lẹ́nu òṣèré wa. Ohun tó ń sọ nínú fíìmù, èmi ni mo kọ ọ́. N kò sì gbìyànjú láti kọ ọ́ bí ó ṣe ń kọ̀wé. Ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ nílé bó ṣe ń kọ̀wé.

Níbo lẹ ti máa yà á?

Òkè-Igbó fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ jù, ní àwọn òpópónà tí ilé alájà àtijọ́ ṣì wà. Oko kòkó ní Ọ̀wẹnà. Ìran ilé-ẹjọ́, Àkúrẹ́ ni, nítorí ibẹ̀ ni olú-ìlú Prófíǹsì Oǹdó nígbà náà. Déjì Adésídà Kìíní ṣì wà lórí oyè ní 1956. A ó dárúkọ Kábíyèsí, a kò ní fi òṣèré ṣe é.

Ẹnìkan ní kí n fi Òkè Ìdànrè sí i nítorí pé ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, mo ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ títí orúnkún mi fi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kò ní nǹkan kan ṣe lórí òkè.

Báwo lẹ ṣe máa mú un dà bíi 1956 gan-an?

Ibí ni ẹ ti lè ràn wá lọ́wọ́ jù, nítorí àṣìṣe ń bẹ níbi tí a kò fọkàn sí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ òsì ni a ń wà á lójú títì ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Nítorí náà gbogbo bọ́lẹ̀kájà àti kẹ̀kẹ́ inú fíìmù náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ òsì, ìdarí ọkọ̀ á sì wà lápá ọ̀tún. Mo ti wo fíìmù àtijọ́ tí àwọn èèyàn wa ṣe, aṣọ pé, fìlà pé, ọkọ̀ wá ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Owó: kò sí náírà, 1973 ló dé. Pọ́ùn, ṣílè, sísì àti tọ́rọ̀ ni. Ẹ̀kọ wà nínú ewé, àkàrà wà nínú ewé, kò sí ọ̀rá kankan lọ́jà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ "Ìpínlẹ̀ Oǹdó", nítorí 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kérésì ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọjọ́ inú ìtàn ni a sì ti kà láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, èmi ni mo ṣe é. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà aláìlórúkọ yẹn, mo fi tíì pa á láró kó lè gbó, inú mi dùn sí i. Mo gbé e fún ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n wọ awò, wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ẹni yìí níwèé ní 1956 tó fi ń kọ 'ayé' báyìí?" Mo ti kọ "ayé" àti "ènìyàn" àti "wọ́n" bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Nígbà yẹn, "aiye" ni wọ́n ń kọ, "enia", "nwọn", "obirin". Àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i. Fíìmù tí odindi ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú bí ènìyàn ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan, èmi tí mo kọ ọ́ ni mo kọ ọ́ sódì. Ìyá náà ti ń ka gbogbo ìwé tó máa hàn lójú kámẹ́rà báyìí, wọ́n sì máa ń fi bírò pupa sàmì sí i bí ìwé ìdánwò.

Èdè wo ni wọ́n máa sọ?

Yorùbá. Láàárín ara wọn, àwọn ará ìlú á sọ èdè ilé wọn, kì í ṣe Yorùbá tí à ń gbọ́ lórí rédíò. Ní iwájú ọlọ́pàá àti adájọ́, ohùn wọn á yí padà, bí ohùn gbogbo wa ṣe máa ń yí padà ní ọ́fíìsì. Òṣèré tí kò lè sọ èdè agbègbè náà máa kọ́ ọ fún oṣù kan pẹ̀lú àwọn tó ni ín. A ó kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ ní Yorùbá gbogbogbòò àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé ọmọdé lè wò ó?

Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ló máa sọ ọjọ́ orí. Ní tèmi, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí èébú burúkú. Ẹ̀rù á ba ọmọdé díẹ̀ ní ìran alẹ́ inú oko kòkó, nítorí òkùnkùn ibẹ̀ dúdú, ewé gbígbẹ sì ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí a kò rí.

Ta ló máa ṣe Fágúnwà? Ṣé ẹ ṣì ń wá òṣèré?

A kò tíì mú ẹni tó máa ṣe é. Ẹni ọdún 53 ni lásìkò yẹn. A kò wá ẹni tó jọ ọ́ lójú tó bí a ṣe ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà ìdánwò, ẹlòmíràn ló máa sọ̀rọ̀, òṣèré náà á kàn máa fetí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú rẹ̀ ni a ó máa wò. Ọ̀pọ̀ òṣèré tó gbajúmọ̀ kò lè ṣe é. Wọ́n ti ń ronú ohun tí àwọn náà máa sọ.

Ìyá akọ̀wé, a ti rí i. Ìyá aláta kan ni, lọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́, kò ṣe eré rí. Nígbà tó kúnlẹ̀ tó na ìwé yẹn síwájú, gbogbo wa dákẹ́.

Ìgbà wo ló máa jáde?

Nígbà tí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i, tí kòkó sì ti pọ́n. Kòkó kì í dúró de kámẹ́rà. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní ni a gbọ́dọ̀ yà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Mo ní nǹkan àtijọ́ nílé. Ṣé ẹ lè lò ó?

A lè lò ó, a ó sì dá a padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àpótí onípákó, àtùpà, kẹ̀kẹ́ Raleigh, ìwé tí bàbá yín fi ń ṣírò owó oko, àwọn àpò ìdọ̀họ tí lẹ́tà ṣì wà lára wọn. A ti rí giramafóònù méjì. Aṣọ sányán tí a rí pọ̀ ju èyí tí a nílò lọ, ẹ ṣé gan-an.

Òṣùwọ̀n kòkó ni a kò tíì rí, èyí onírin ńlá tí wọ́n ń gbé àpò lé. Gbogbo ìtàn náà yí i ká, a kò sì fẹ́ fi pákó ṣe ayédèrú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́yìnkùlé bàbá yín, bó tilẹ̀ ti dípẹtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ti kán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.